Kọ̀ǹpútà Tí Kò Fẹ́ Kí A Gbàlejò

Ní àgbàlá wa ní Treichville, kò sẹ́ni tó ń kọjá lọ sí ọjà tí kì í yà kí ìyá mi. Ẹni náà á jókòó, ìyá mi á bu omi tútù fún un, á dúró kí ó mu ún tán, kí ó tó bi í pé kí ló gbé e dé. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ní Ẹjigbo nìyẹn. Bí òun náà ṣe tọ́ mi nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Abidjan ni wọ́n bí mi sí. Firíìsà funfun ńlá kan wà nínú pálọ̀ wa tó ti ń hanrun bí àgbàlagbà tó sùn látìgbà tí mo wà nílé ìwé. Ìyá mi fẹ́ràn firíìsà yẹn ju àwọn kan nínú ẹbí bàbá mi lọ, kì í sì í fi ìyẹn pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Akọ̀wé ni mí nígbà náà ní ọ́fíìsì kan ní Zone 4. Ní àárín àwọn ọdún 1990, wọ́n ra kọ̀ǹpútà tuntun, ọ̀gá wa sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ gbé èyí tó ti gbó lọ sílé. Mi ò jẹ́ kí ó tún un sọ. Mo gbé tèmi sínú takisí, mo gbé ojú rẹ̀ lé itan bí ìyá ìkókó. Nígbà tí mo dé ilé, gbogbo àgbàlá ló jáde wá kí wa kú oríire. Ìyá mi gbàdúrà lé e lórí, ó sì ní kí a gbé e sórí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ firíìsà, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni ojú iná tí a lè ki wáyà bọ̀ wà nínú pálọ̀. Ojú kan ṣoṣo ni. A wá ra wáyà olójú mẹ́rin, èyí tí wọ́n ń pè ní multiprise, kí àwọn méjèèjì lè jọ máa jẹ níbẹ̀.

Kì í ṣe fáàrí ni mo gbé ẹ̀rọ náà wálé fún. Ọ̀rọ̀ ìjọ wa ló fà á. Àwọn Yorùbá tó ti Nàìjíríà àti Benin wá ló pọ̀ jù nínú ìjọ náà, ìyá mi ló sì dá ẹgbẹ́ akọrin àwọn ọmọdé sílẹ̀ níbẹ̀, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun. Kò mọ̀wé. Etí ló fi kọ́ gbogbo orin tó mọ̀, ẹnu ló sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Èmi náà wà lára wọn nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìsinsìnyí yàtọ̀ sí wa. Bí o bá bá wọn sọ Yorùbá, wọ́n gbọ́, Faransé ni wọ́n á fi dá ọ lóhùn. Bí o bá fún wọn ní ìwé orin Yorùbá, wọ́n á máa wò ó bí ẹni tó ń wo ìdọ̀tí lára ògiri. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìlà àkọ́kọ́ máa ń jáde dáadáa, èyí tó kù á wá di kíkùn lásán.

Akọ̀wé ìjọ ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé. Bọ̀ọ̀dá kan tí wọ́n bí sí Treichville bíi tèmi ni, ó kàwé dáadáa, ó ń ṣiṣẹ́ ní Plateau, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Abidjan wà, kì í sì í pariwo. Ó ní ojú ń ti òun fún àwọn ọmọ náà, pé láti ìgbà ìkórè lọ, kí wọ́n máa kọrin ní Faransé kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn àgbà ti ń mi orí pé ó tọ́. Ìyá mi, tí kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, bá dìde. Ó ní kí wọ́n fún òun di ìkórè. Bí àwọn ọmọ bá fi Yorùbá kọ orin wọn lọ́jọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìkọsẹ̀, kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Bí wọn kò bá lè ṣe é, òun fúnra òun yóò jókòó jẹ́ẹ́, kí wọ́n kọ́ wọn ní Faransé.

Nígbà tí ó dé ilé, ó bọ́ gèlè, ó wò mí.

"Mo ti ṣèlérí fún wọn," ni ó wí. "Ìwọ lo máa bá mi mú un ṣẹ."

Bí ìyá mi ṣe máa ń gbé iṣẹ́ fún èèyàn nìyẹn.

Ohun tí mo rò ni pé, a óò tẹ àwọn orin náà sínú ìwé pẹlẹbẹ, a óò fi lẹ́tà Faransé kọ wọ́n bí ọmọ ilé ìwé Faransé yóò ṣe pè wọ́n, a óò sì kọ ìtumọ̀ sí abẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ mi kò tilẹ̀ ní àmì Yorùbá lórí. Ọjọ́ Sátidé ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo ti tẹ orin mẹ́ta, inú mi ń dùn, mo tilẹ̀ ti ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kọ orin ìkẹrin, nígbà tí aládùúgbò wa kan yọjú láti kí wa. Ó jókòó, ó gba omi. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú dùdù. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó bú yìì, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jí láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Mo gbójú sókè wo gílóòbù. Iná kò lọ. Gbogbo ohun tí mo tẹ̀ ti lọ.

Obìnrin náà kí mi kú ìyọnu, ó sì jáde lọ ròyìn fún àwọn tó wà lẹ́yìn. Kò pẹ́ tí àwọn náà fi wọlé wá láti bá mi kẹ́dùn. Ìyá mi ń ṣí firíìsà, ó ń pa á dé, ó ń gbé ife fún oníkálùkù. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orin kìn-ín-ní. Ẹ̀rọ tún kú. Àwọn tó ti fẹ́ máa lọ wá padà jókòó.

Mi ò ní sùúrù, ìyẹn kì í ṣe ohun tuntun fún ẹni tó bá mọ̀ mí. Mo bú kọ̀ǹpútà yẹn ní Yorùbá, mo bú u ní Faransé, mo sì fi ìwọ̀nba Dioula tí mo gbọ́ ní ọjà kún un. Lẹ́yìn náà, mo kọ́ ọgbọ́n: bí mo bá ti tẹ ẹsẹ̀ kan, mo máa ń kó o sínú disquette, ike pẹlẹbẹ tó ń fi iṣẹ́ pamọ́, kíá kí n tó mí. Ó ràn mí lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, títí tí ẹ̀rọ fi kú nígbà tó ń kọ nǹkan sínú disquette gan-an, tí disquette náà sì bàjẹ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn mo bọ́ síta lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo ọkọ̀.

Mo bẹ ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ọ́fíìsì wa kí ó bá mi wò ó. Ọmọ onílẹ̀ ni, Faransé àwọn ọ̀dọ́ Abidjan ló ń sọ, tí ó ń mú ìyá mi rẹ́rìn-ín láìjẹ́ pé ó gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ó tú ìdérí ẹ̀rọ náà, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku jáde, ó lé aáyán kan tó ti sọ ibẹ̀ di ilé. Ó yọ àwọn ègé tí ẹ̀rọ fi ń rántí nǹkan, ó fi rọ́bà ìpawérẹ́ nu ẹnu wọn, ó dá wọn padà. Ó ki irin kékeré kan tí wọ́n fi ń yẹ iná wò bọ ojú iná, ó ní iná dára. Ó tan ẹ̀rọ, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Ìyá mi bá sáré lọ gbé omi wá fún un láti fi dúpẹ́. Ó gbé ife sẹ́nu, kọ̀ǹpútà kú. Ó wo ife náà, ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo èmi.

Ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Ó jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún gbogbo ọ̀sẹ̀, kò ṣẹ́jú. Nígbà tí ó dá a padà wá, ìyá mi ti se attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tiwọn, àti ẹja dè é, ó sì gbé omi tì í. Kò tíì jẹun tán tí ẹ̀rọ fi kú. Ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí, pé kọ̀ǹpútà yìí ò fẹ́ràn ilé wa.

Àwàdà ló fi ṣe, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ níwájú àwọn tí kò yẹ kó sọ ọ́ níwájú wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìjọ ti gbọ́ pé nǹkan kan wà nínú ilé wa tí kò fẹ́ kí àwọn ọmọ kọrin Yorùbá. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Àwọn míì ní wọ́n mọ ẹni náà, wọn ò kàn fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Gbogbo wọn ló sì wá kí wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ní méjì-méjì. Mi ò mọ èyí tó ń yọ mí lẹ́nu jù nínú ẹ̀rọ tó ń kú àti àwọn tó ń bá a ṣọ̀fọ̀.

Ìyá mi kò bá wọn sọ ti ayé. Ṣùgbọ́n ó ti dẹ́kun fífi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá a nínú àgbàlá pẹ̀lú àwọn ọmọ náà. Ó ń fi ẹnu kọ́ wọn ní ẹsẹ̀ kejì orin kan. Ó sọ ọ́, wọ́n tún un sọ, ó wọ́. Ó tún un sọ. Ọmọbìnrin kan tí oúnjẹ ṣì lẹ̀ mọ́ àgbọ̀n rẹ̀ sọ pé, "Mémé, on est fatigués," pé ó ti rẹ àwọn, ìyá mi sì rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n máa lọ ṣeré. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ẹ̀rín yẹn kúrò lójú rẹ̀. Ọkàn mi bàjẹ́. Mo wọlé, mi ò tilẹ̀ tan kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà.

Ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ ní kí a gba ààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ààwẹ̀ gidi ni, kò sí oúnjẹ, kò sí omi, títí di ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n mú. Ìyá mi ṣe bó ṣe máa ń ṣe lọ́jọ́ ààwẹ̀: nígbà tó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò ní í mu omi, ó yọ wáyà firíìsà, ó ṣí i sílẹ̀ gbayawu kí yìnyín inú rẹ̀ yọ́, ó fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, ó sì gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Kò sẹ́ni tó wá kí wa, nítorí ta ló máa kí aláàwẹ̀ láàárín ọ̀sán? Mo jókòó ti ẹ̀rọ mi pẹ̀lú ikùn òfìfo àti ẹnu gbígbẹ.

Mo tẹ orin kan. Kò kú. Mo tẹ ìkejì, mo kó o sínú disquette, kò kú. Mo ń tẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn, mi ò jẹ́ dìde lọ tọ̀ kí nǹkan má lọ yí padà. Oòrùn kúrò lójú fèrèsé, mo ti kọjá ìdajì ìwé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin sókè lémi nìkan, ohùn mi kò dùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọ́ ọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ìyá ti ṣọ́ọ̀ṣì wá síbi tiwa láti wá ṣínu. Mo fi ojú kọ̀ǹpútà hàn wọ́n, ojú ewé lórí ojú ewé. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n kọrin, wọ́n jó yí tábìlì ká, olórí wọn sì ń ké pé ọ̀tá ti wólẹ̀. Ìyá mi ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n jókòó kí òun fi omi sínú firíìsà kí ó tutù díẹ̀. Ó ki wáyà bọ multiprise. Firíìsà gbọ̀n, ó wúkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú.

Olórí àwọn ìyá ti la ẹnu láti bẹ̀rẹ̀ àdúrà mìíràn, ṣùgbọ́n mo na ọwọ́ sókè. Firíìsà ni mò ń wò.

Mo ní kí ìyá mi yọ wáyà rẹ̀. Mo tan ẹ̀rọ mi, mo dúró kí ó jí dáadáa. Mo ní kí ó kì í bọ̀ padà. Ẹ̀rọ kú. A tún un ṣe, ó tún kú. Bí ẹ́ńjìnnì firíìsà àtijọ́ yẹn bá fẹ́ dìde, ó ń fa gbogbo iná tó wà nínú wáyà tín-ín-rín yẹn mọ́ra fún ìṣẹ́jú akàn, kọ̀ǹpútà kò sì ní ohun tó máa jẹ. Gílóòbù òkè kò mọ̀ sí i, nítorí wáyà mìíràn ló ń gbé iná fún un. Bí ìyá mi bá sì ti ń ṣí ìdérí fún àlejò lemọ́lemọ́, firíìsà á gbóná, ẹ́ńjìnnì á tún dìde. Kọ̀ǹpútà kú, àwọn èèyàn wá bá wa kẹ́dùn. Wọ́n wá, a fún wọn lómi. A fún wọn lómi, kọ̀ǹpútà tún kú.

Ẹ̀rín pa mí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo rín in títí ikùn òfìfo yẹn fi ń dùn mí. Àwọn ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í rín in nígbà tí mo ṣàlàyé tán. Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé omi tí mo ń fún àlejò ló ń pa á?" ni ó bi mí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

"Kí ni kí n wá máa fún wọn? Kí n máa wò wọ́n lójú?"

Olórí àwọn ìyá dá sí i. Ó ní bí kì í bá ṣe ààwẹ̀ tí a gbà, ta ni ì bá yọ wáyà firíìsà yẹn láyé?

A gbìyànjú láti fa iná wá láti yàrá, ṣùgbọ́n wáyà inú ògiri kan náà ló gbé iná débẹ̀. Onílé ní òun kò ní fọ́ ògiri òun nítorí orin. Ìyá mi rò ó fún ọjọ́ méjì, ó sì ṣe ohun tí mi ò rò pé ó lè ṣe. Nígbàkigbà tí mo bá jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó máa ń yọ firíìsà, ó máa ń bu omi láti inú ìkòkò amọ̀ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, á sì lọ pàdé àlejò lẹ́nu ọ̀nà kí ẹni náà tó jókòó.

"Ẹ má bínú o, omi yìí ò glacé. Ordinateur ọmọ mi ló ń ṣiṣẹ́."

Àwọn kan mu ún, wọ́n sì fajú ro. Àwọn kan ní àwọn ò mu. Àbúrò bàbá mi kan bínú lọ, ìyá mi kò sì sunkún nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe dùn ún tó láti gbé omi tí kò tutù fún èèyàn nínú ilé ara rẹ̀. Ojú ń tì í, ó ń ṣe é síbẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà yẹn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ fún un.

Mo tẹ ìwé náà parí. A tẹ̀ ẹ́ jáde, a lọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ọjà, àwọn ọmọ fúnra wọn ló sì kó o jọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n kà á, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, nítorí wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti mọ̀ nílé jáde láti inú ìwé. Ìyá mi ní kí wọ́n dákẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ dáadáa. Ohùn rẹ̀ ti padà sí ti tẹ́lẹ̀, ó ń halẹ̀ mọ́ wọn.

Lọ́jọ́ ìkórè, ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ojú pópó. Àwọn ọmọ dúró nínú aṣọ funfun, ìwé lọ́wọ́. Wọ́n kọ orin àkọ́kọ́ láti ẹsẹ̀ kìn-ín-ní dé ìkẹyìn, kò sí kíkùn níbẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ló hàn. Ní orin kejì, àwọn òbí ti dìde. Ní ẹ̀kẹta, ìyá mi jó jáde láti ibi tó wà títí dé iwájú pẹpẹ, ẹni tí orúnkún ń dùn, mo sì ń pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi ń ta mí.

Lẹ́yìn ìsìn, àwọn àgbà wọlé ìpàdé. Èmi dúró níta lábẹ́ oòrùn, láàárín àwọn takisí, mò ń ṣe bí ẹni tí kò dúró de nǹkan kan. Akọ̀wé ìjọ ló kọ́kọ́ jáde. Ó tọ̀ mí wá tààrà. Ó ní wọ́n ti gbà kí àwọn ọmọ náà máa fi Yorùbá kọrin lọ, kò sí ẹni tó jiyàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé á máa lọ, kò lọ. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnì kan wà nítòsí.

"Àǹtí," ni ó wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀, "ṣé ẹ̀dà kan kù? Pas pour mes enfants, kì í ṣe fún àwọn ọmọ mi. Fún èmi fúnra mi." Ó gbé ọwọ́ lé àyà. "Mi ò mọ Yorùbá kà. Depuis toujours, láti kékeré. Mo kàn máa ń mi ẹnu lásán bí ẹ bá ń kọrin ni."

Àwọn ọmọ ti kó gbogbo rẹ̀ lọ. Mo fún un ní tèmi. Ó ṣí i síbi orin àkọ́kọ́, ó fi ìka tẹ̀lé ìlà náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á jáde díẹ̀díẹ̀, láàárín ariwo ọkọ̀. Mo dúró tì í títí ó fi ka ẹsẹ̀ náà tán.